Ìsopọ̀ kùáńtọ́ọ̀mù tó ti dàrú kò ṣeé sẹ́ bí omi

Asẹ́ ni àwọn èèyàn sábà fi ń ṣàpèjúwe bí a ṣe ń fọ ìsopọ̀ kùáńtọ́ọ̀mù (entanglement, ìbátan tó ń mú kí èsì ìwọ̀n ohun méjì bára mu bí wọ́n tiẹ̀ jìnnà síra) mọ́: omi á ṣàn kọjá, pàǹtí á dúró. Àpèjúwe yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Pàǹtí ṣeé rí, ó sì ṣeé yọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọn ìsopọ̀ wò láti mọ ìdàrú inú rẹ̀ ti já a. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ omi, omi tí títọ́wò ń bà jẹ́ ni. Ìkòkò kejì la máa fi dán tàkọ́kọ́ wò, ìkòkò kejì náà á sì di dídànù.

Ọ̀nà tí Charles Bennett, onímọ̀ físíìsì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1996 nìyí. Ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ní qubit méjì (qubit ni ẹyọ ìsọfúnni kùáńtọ́ọ̀mù, ó ní ipò méjì), ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Wọ́n á mú ìsopọ̀ méjì. Ẹni tó wà níhìn-ín á jẹ́ kí qubit méjèèjì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan ara wọn, ẹni ọ̀hún á ṣe bákan náà, kálukú á wá wọn ọ̀kan, wọ́n á sì pe ara wọn lórí fóònù. Bí èsì bá bára mu, wọ́n á tọ́jú ìsopọ̀ tó kù. Bí kò bá bára mu, méjèèjì gbé. Bóyá èsì jọra nìkan ni wọ́n ń wò, èsì fúnra rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Ọgbọ́n inú rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wá wo iye tó ń náni. Ká ní ìdàrú pín dọ́gba síhà gbogbo, tí ìjójúlówó ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bó ṣe sún mọ́ ìsopọ̀ pípé tó (1 ni pípé), sì jẹ́ 0.70. Nínú 200, nǹkan bíi 68 ló máa ṣẹ́kù, ìjójúlówó wọn kò sì ju nǹkan bíi 0.735 lọ. Tó bá jẹ́ 0.50 gẹ́lẹ́ la fi bẹ̀rẹ̀, 0.50 náà la ó bá níbẹ̀. Bí ìsopọ̀ tó dàrú báyìí bá sì ti níye, kò sí bó ṣe lè pọ̀ tó tí a ó fi rí ojúlówó 1 nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, ìyẹn ṣì rọrùn. Fún qubit méjì, gbogbo èyí tí ìsopọ̀ bá ṣì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́ ló ṣeé fọ̀. Ní 1998 ni Ryszard Horodecki àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, Michał àti Paweł, ará Poland, fi hàn pé bí ohun tí a so pọ̀ bá tóbi ju qubit lọ, bí àpẹẹrẹ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ní ipò mẹ́ta, àwọn ìsopọ̀ kan wà tó há sínú ìdè. A kò lè ṣe wọ́n láìná ojúlówó ìsopọ̀, ṣùgbọ́n bí a kó ẹgbàágbèje wọn jọ, ẹyọ kan tó mọ́ kò ní jáde. Lójú tèmi, èyí le ju àdánù inú ìṣirò lọ: owó wọlé, kò sì sí ọ̀nà àtigbà á padà.

Àyẹ̀wò kan wà tí Asher Peres, onímọ̀ físíìsì, dábàá ní 1996 láti fi mọ ìsopọ̀. Ìsopọ̀ tó bá yege nínú rẹ̀ kò ṣeé fọ̀ rárá. Bóyá gbogbo èyí tó bá fìdí rẹmi ló ṣeé fọ̀, kò tíì sẹ́ni tó fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn.