Ohun tó ń lọ nídìí compiler

Ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kì í sábà ro ti compiler. Ó kọ kóòdù rẹ̀ tán, compiler sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀rọ lè tẹ̀ lé, ó parí. Bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àmọ́ ètò ni compiler náà, èèyàn ló kọ ọ́, àléébù sì ń bẹ nínú rẹ̀. Ọdún 1987 ni Richard Stallman kọ́kọ́ gbé GCC, ọ̀kan lára àwọn compiler tó gbajúmọ̀, jáde. Tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́ dòní, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ láìdáwọ́ dúró ló fà á.

Bí compiler bá dẹnu kọlẹ̀ lójijì, ìyẹn ò le. Ẹni tó ń lò ó á rí i lójú ẹsẹ̀, á sì fi tó àwa tó ń tọ́jú compiler létí. Èyí tí mo ń bẹ̀rù ni kó gba kóòdù tó dáa, kó má sọ nǹkan kan, kó wá gbé ètò tó ń ṣírò òdì jáde. Oníkóòdù á máa wá ẹ̀bi sínú iṣẹ́ ara rẹ̀ títí tó fi máa rẹ̀ ẹ́. Abala tó ń mú kí ètò yára ni irú èyí ti sábà ń yọjú.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ni compiler ń jẹ̀bi o. Ká ní ẹnì kan kọ x + 1 > x nínú èdè C, tí x jẹ́ int (irú nọ́ńbà odidi tí àyè rẹ̀ ní ìwọ̀n), tó fẹ́ fi mọ̀ bóyá nọ́ńbà náà ti kún àyè rẹ̀. Compiler lè gbà pé òótọ́ ni nígbà gbogbo, kó yọ ìbéèrè náà dà nù. Ó ya oníkóòdù lẹ́nu, ṣùgbọ́n òfin èdè náà fàyè gbà á, torí kò yẹ kí int kọjá àyè rẹ̀ rárá. Irú àlàyé yìí máa ń gba àkókò wa ju àtúnṣe gan-an lọ, ó sì tọ́ ká fara balẹ̀ ṣe é.

Bí àléébù bá dájú, gígé ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. A ó máa gé kóòdù tí wọ́n kó wá títí yóò fi ku ìlà díẹ̀ tó ṣì ń fi àléébù hàn. Lẹ́yìn náà, git bisect, irinṣẹ́ tó ń pín àwọn àtúnṣe tó ti wọlé sí méjì léraléra, á wá èyí tó mú àléébù náà wọlé: bí àtúnṣe 1,000 bá wà láàárín ẹ̀dà tó dáa àti èyí tó bàjẹ́, nǹkan bí ìgbà 10 la ó dán an wò. Àtúnṣe fúnra rẹ̀ lè má ju ìlà kan lọ. Ìdánwò tí a fi tì í lẹ́yìn ni mo kà sí jù, torí òun ni yóò máa ṣọ́ ibẹ̀ nígbà tí ẹni tó tún un ṣe bá ti lọ.

GCC tún ní àyẹ̀wò kan tí mo fẹ́ràn gan-an. Compiler tó wà nílẹ̀ á kọ́ tuntun. Tuntun yẹn á kọ́ ara rẹ̀. Èyí tó kọ́ á tún ara rẹ̀ kọ́. Ìkejì àti ìkẹta gbọ́dọ̀ bára mu. Bí wọ́n bá yàtọ̀, a ò tíì ṣe tán. Àwọn oní-Rust, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú compiler èdè Rust, tí wọ́n ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde lọ́sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà, máa ń fi irinṣẹ́ wọn tó ń jẹ́ Crater dán àtúnṣe tó bá léwu wò lórí kóòdù táwọn èèyàn ti kó síta fún gbogbo ayé.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ jábọ̀ àléébù, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀dà compiler yín, àṣẹ tí ẹ fún un, ohun tí ẹ retí àtohun tí ẹ rí. Ẹ gé kóòdù náà kúrú bó bá ti lè ṣeé ṣe. Bí ẹ̀dà tó ṣáájú ò bá sì ní àléébù náà, ẹ má gbàgbé láti sọ ọ́, torí ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀.