Terre d'Hermès Eau Très Fraîche

Terre d'Hermès Eau Très Fraîche jẹ́ lọ́fínńdà ọkùnrin tí ilé-iṣẹ́ Hermès ti ìlú Paris gbé jáde lọ́dún 2014. Jean-Claude Ellena ló pò ó, òun náà ló sì po Terre d'Hermès tó jẹ́ ìyá ẹ̀, èyí tó jáde lọ́dún 2006 tí òkìkí ẹ̀ sì kàn káàkiri. Nínú ìyá yẹn, ọsàn àti gírépù (grapefruit) ló wà lókè, ìyẹn òórùn téèyàn kọ́kọ́ ń gbọ́, ata àti òórùn bí òkúta gbígbẹ tẹ̀ lé e, vetiver, ìyẹn gbòǹgbò koríko olóòórùn kan, àti igi kédárì wá jókòó sísàlẹ̀, àwọn ló ń pẹ́ lára. Ọmọ yìí ò kúrò nílé, àmọ́ ọsàn ló ń ṣíwájú, wọ́n fi òórùn omi tútù àti ti ewéko geranium sí i, ewé patchouli àti igi kédárì ló sì gbé e ró.

Lọ́fínńdà kọ́ ni Hermès fi bẹ̀rẹ̀ o. Ìjánu ẹṣin ni Thierry Hermès ń ṣe nígbà tó dá a sílẹ̀ lọ́dún 1837, ó di 1951 kí lọ́fínńdà wọn tó ń jẹ́ Eau d'Hermès tó jáde. Ellena, ọmọ Grasse, ìlú lọ́fínńdà nílẹ̀ Faransé, ló di apòlọ́fínńdà wọn lọ́dún 2004, Christine Nagel gbapò ẹ̀ lọ́dún 2016. Ellena kì í kó nǹkan rẹpẹtẹ pọ̀, díẹ̀ ló máa ń lò, téèyàn bá fín èyí ó máa hàn sí i, torí kò sí adùn ṣúgà tó bo ọsàn náà mọ́lẹ̀.

Òróró ọsàn tí wọ́n ń fi ṣe lọ́fínńdà kì í ṣe omi tí à ń mu, inú èèpo ló wà. Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn tó ń ha ọsàn tà ní Kábà tàbí Ìyàrà á ti rí i, bí ọ̀bẹ ṣe ń yí èèpo yẹn ni nǹkan á máa ta fín-ín-fín jáde lára ẹ̀, òórùn ẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ìka. Nǹkan yẹn gan-an ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ jáde láìgbé èèpo kaná. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní limonene ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ó fúyẹ́, ó sì tètè máa ń fò lọ, pàápàá tí ara bá gbóná, nígbà tí òróró igi bíi kédárì àti ti ewé patchouli wúwo tí wọ́n ń rọra lọ.

Ìdí nìyí tí ẹni tó fín in láàárọ̀ ní Lọ́kọ́ja lóṣù kẹta, nígbà tí ooru bá mú gan-an, ò fi ní gbọ́ òórùn ọsàn mọ́ tó bá máa fi di ọ̀sán, igi ló máa kù. Ọ̀pọ̀ èèyàn níbí á ní wọ́n ti ta ayédèrú fún àwọn. Òótọ́ ni pé ayédèrú wà lọ́jà, àmọ́ kí ọsàn tètè lọ kì í ṣe ẹ̀rí ẹ̀, bí ọsàn ṣe rí nìyẹn, kódà nínú ojúlówó. Lójú tèmi, ooru ibí gan-an ni lọ́fínńdà yìí bá mu jù, ju ìyá ẹ̀ tó lè wúwo jù nínú mọ́tò tó kún láti Ìsánlú sí Mọ̀pà. Nígbà ọyẹ́, awọ gbígbẹ kì í dá òórùn dúró, kéèyàn fi fasilíìnì díẹ̀ para kó tó fín in tàbí kó fín in sáṣọ.

Nínú ẹbí kan náà, Terre d'Hermès Parfum jáde lọ́dún 2009, Nagel po Eau Intense Vétiver lọ́dún 2018 àti Eau Givrée lọ́dún 2022, èyí tóun náà jẹ́ ti ìdílé ọsàn. Ìdí ìgò wọn máa ń ní lẹ́tà H. Oòrùn àti ooru máa ń ba òróró ọsàn jẹ́, kò yẹ kí wọ́n gbé ìgò ẹ̀ síwájú mọ́tò tàbí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló dáa jù.