Orí òkè ni ìdúró tírélà ti ń bẹ̀rẹ̀

Tí òjò bá rọ̀ lálẹ́ ní Èkìtì, tí ilẹ̀ wá ń mọ́ bọ̀, kùrukùru kì í bo ojú ọ̀nà dọ́gba. Orí òkè lè mọ́ kedere, kí àfonífojì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sì funfun bí òwú. Ilẹ̀ ló máa ń tutù lóru, afẹ́fẹ́ tó bá wà nítòsí rẹ̀ á tutù pẹ̀lú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ, ìyẹn ló ṣe ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ bí omi, tó ń kóra jọ síbi tó rẹlẹ̀, tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ á wá di ẹ̀kán omi wínníwínní tó léfòó. Ọkọ̀ tó bá gba Iléṣà wọ Ẹ̀fọ̀n Aláayè, tó kọjá Àrámọkọ lọ sí Adó-Èkìtì, á gun òkè, á sọ̀, á tún gun òmíràn. Òkìtì ni wọ́n ní orúkọ Èkìtì ti wá, awakọ̀ tírélà tó ru sìmẹ́ńtì kò sì nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

Ewu ibẹ̀ ni pé ibi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti ń ti ọkọ̀ pé kó sáré gan-an ni ojú kì í ti í ríran. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó wọnú kùrukùru kó tó dín eré kù ti pẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sá eré 60 kìlómítà ní wákàtí ń jẹ ilẹ̀ tó tó mítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàárín ìgbà tí ojú rí nǹkan sí ìgbà tí ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ lè ti lọ: mítà 25 nìyẹn, bíréèkì kò sì tíì mú. Tí títì bá tutù fún òjò, ọkọ̀ tó ru ẹrù lè tún lọ tó mítà 55 kó tó dúró. Àpapọ̀ rẹ̀ ń lọ sí mítà 80, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú o. Tó bá jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kùrukùru bá jẹ́ kí ojú rí mítà 40 péré, agbégilódò tó bà jẹ́ sójú ọ̀nà ti di ohun tí wọ́n máa kọlù kí wọ́n tó mọ̀. Bí eré bá wá sílẹ̀ sí nǹkan bíi 30, mítà tí kò tó 30 lè gbà á. Ohun tí ojú bá rí ló yẹ kó pinnu eré.

Bíréèkì tírélà fúnra rẹ̀ kò rí bíi ti ọkọ̀ kékeré tó ń lo epo bíréèkì. Afẹ́fẹ́ ló ń lò. Ẹ́ńjìnnì ló ń fún afẹ́fẹ́ náà sínú táńkì, ó sì ní láti gba inú páìpù dé táyà ẹ̀yìn pátápátá kí ibẹ̀ tó mú, èyí tó tún ń jẹ díẹ̀ nínú àkókò. Bí wọ́n bá sì ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, afẹ́fẹ́ inú táńkì á máa dín kù.

Ooru tún burú jù. Bíréèkì a máa fún ara mọ́ inú dúrọ́ọ̀mù, irin róbótó tó ń bá táyà yí, ìfarakanra yẹn á sì sọ eré ọkọ̀ di ooru. Bí awakọ̀ bá fi ẹsẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀, dúrọ́ọ̀mù á gbóná débi pé bíréèkì ò ní lè dì í mú mọ́. Òun ni wọ́n máa ń sọ pé bíréèkì ọkọ̀ já, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ohun tó já níbẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wọ jíà kékeré lórí òkè, kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Jíà kékeré á mú kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Bíréèkì á kàn máa ràn án lọ́wọ́, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí eré wálẹ̀, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó tutù. Ẹni tó bá dé àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kó tó máa wá jíà lè má rí i wọ̀ mọ́. Àwọn tó ń yọ jíà sílẹ̀ kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀, nítorí àtifi epo pamọ́, ń ta ẹ̀mí wọn àti ti ará ọ̀nà ní owó pọ́ọ́kú.

Iná fúùlù kì í ṣèrànwọ́ nínú kùrukùru, nítorí ẹ̀kán omi náà á dá ìmọ́lẹ̀ padà sójú awakọ̀. Díìmù ló yẹ. Nínú ọyẹ́ náà, eruku ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, omi ni kí wọ́n sì kọ́kọ́ fi fọ gíláàsì kí wáípà tó fọwọ́ kàn án. Kí ojú sì máa wo míítà tó ń fi eré ọkọ̀ hàn, torí nígbà tí igi ẹ̀bá ọ̀nà ò bá hàn mọ́, eré 60 lè dà bí 40 lójú ẹni.

Ní ti ọkọ̀ tó bà jẹ́, ewé tí wọ́n ń já sójú ọ̀nà kò wúlò láàárọ̀ kùtù, kò sẹ́ni tó máa rí i. Àmì onígun mẹ́ta tó ń tan ìmọ́lẹ̀ padà ló dára, kí wọ́n gbé e jìnnà sẹ́yìn, kódà sórí òkè tí kùrukùru kò tíì bò, kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí i kó tó sọ̀.

Àwọn ọmọ wa tó ń wa ọkọ̀ ẹrù ní Kánádà mọ irú èyí nínú yìnyín. Ní British Columbia, láti ọjọ́ kìíní oṣù October ni òfin ti ń bẹ̀rẹ̀ pé kí ọkọ̀ ńlá máa gbé ṣéènì tí wọ́n ń so mọ́ táyà kó má bàa yọ̀ dání lójú ọ̀nà òkè. Lórí yìnyín, eré 60 yẹn kan náà lè gba mítà tó ju 100 lọ kó tó dúró. Tírélà tó ṣófo gan-an sì tètè máa ń yọ̀, nítorí kò sí ẹrù tó tẹ táyà mọ́lẹ̀: bí wọ́n bá tẹ bíréèkì, táyà ẹ̀yìn ò ní yí mọ́, ẹ̀yìn ọkọ̀ á yí wá bá orí. Títì tó tutù fún òjò ní Èkìtì náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún agbégilódò tó já gẹdú tán tó ń padà bọ̀.

Tí ojú kò bá wá ríran rárá, dídúró ló kù, ṣùgbọ́n kì í ṣe létí títì. Ibi tí gbogbo ara ọkọ̀ ti kúrò lójú ọ̀nà ni, àgbàlá ilé epo tàbí ibùdókọ̀ tó wà lókè. Lọ́pọ̀ ìgbà, oòrùn á ti tú kùrukùru ká kó tó di aago mẹ́sàn-án. Oníẹrù lè máa pe fóònù nígbà náà, kó máa bínú; kí wọ́n sọ fún un pé ẹrù rẹ̀ ń bọ̀.