Bí Ipò Kejì Ṣe Rí Ọ̀nà Wọlé: Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Wild Card Nínú Bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá ọdún 1993 ni. San Francisco Giants wọ pápá Dodger Stadium ní Los Angeles. Wọ́n ti gbá eré 161, wọ́n sì ti borí nínú 103. Ó ku ẹyọ kan. Atlanta Braves náà ti borí nínú 103, ẹ̀ka kan náà ni àwọn méjèèjì sì wà, olórí ẹ̀ka nìkan ló sì ń tẹ̀ síwájú. Atlanta ló kọ́kọ́ parí tiwọn lọ́jọ́ náà: wọ́n na Colorado Rockies 5 sí 3, wọ́n di 104. Bí Giants ò bá borí, ó tán.

Salomon Torres, ọmọ ọdún 21 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé líìgì ńlá lọ́dún náà, ni kóòṣì Dusty Baker gbé bọ́ọ̀lù lé lọ́wọ́ pé kó máa jù ú. Ẹrù yẹn wúwo jù fún un. Dodgers kò ní ife kankan tí wọ́n ń lé, àmọ́ ọ̀tá àtayébáyé ni àwọn àti Giants, láti ìgbà tí ẹgbẹ́ méjèèjì ṣì wà ní New York. Mike Piazza gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n máa parí, 12 sí 1 ni.

Giants di ẹrù wọn, wọ́n lọ sílé. Philadelphia Phillies, tí wọ́n borí nínú eré 97 péré, ló lọ kojú Braves, wọ́n na Braves, wọ́n sì dé World Series, ìdíje àṣekágbá. Nínú gbogbo ìtàn bésíbọ́ọ̀lù, èyí ló máa ń dùn mí jù, nítorí kì í ṣe àìmọ̀-ọ́n-gbá ló lé Giants sílé. Ìlà tí àwọn kan fà sórí àwòrán ilẹ̀ kí wọ́n tó bí Salomon Torres ló lé wọn.

Líìgì méjì ló wà níbẹ̀rẹ̀. Ọdún 1876 ni National League bẹ̀rẹ̀, American League di líìgì ńlá ní 1901. Ẹgbẹ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ ni wọ́n ní. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní nínú líìgì kọ̀ọ̀kan ni yóò pàdé ẹnì kejì rẹ̀ nínú World Series, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1903, tí Boston sì na Pittsburgh. Ẹni tó ṣe ipò kejì kò yàtọ̀ sí ẹni tó ṣe ipò kẹjọ, ilé ni gbogbo wọn ń lọ. Láti 1903 títí di 1952, kò sí ẹgbẹ́ kan tó kó kúrò nílùú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ń wọ̀, St. Louis sì ni ìlú tó jìnnà jù lápá ìwọ̀ oòrùn tí wọ́n ń dé.

Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Braves fi Boston sílẹ̀ lọ sí Milwaukee ní 1953, wọ́n tún kó lọ sí Atlanta ní 1966. Dodgers àti Giants fi New York sílẹ̀ lọ sí California ní 1958, ọkọ̀ òfuurufú ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ní 1961 àti 1962, líìgì kọ̀ọ̀kan di ẹgbẹ́ 10. Ta ló fẹ́ sanwó wọlé lóṣù Kẹjọ wá wo ẹni tó wà ní ipò kẹwàá? New York Mets pàdánù eré 120 lọ́dún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ tuntun mẹ́rin tún wọlé ní 1969, tí gbogbo wọn di 24, wọ́n pín líìgì kọ̀ọ̀kan sí Ìlà Oòrùn àti Ìwọ̀ Oòrùn, ẹgbẹ́ mẹ́fà-mẹ́fà. Olórí ẹ̀ka méjèèjì á kọ́kọ́ bára wọn jà kí ẹnì kan tó dé World Series. Ìpín náà dára. Àmọ́ ẹ wo bí National League ṣe pín tiwọn. Chicago Cubs kò fẹ́ lọ máa gbá eré alẹ́ ní California, tí àwọn ará ilé wọn yóò ti sùn kó tó parí. Mets ti pàdánù ọ̀pọ̀ àbẹ̀wò Dodgers àti Giants tó ń kún pápá wọn, wọ́n ní ẹ fún wa ní St. Louis Cardinals dípò. Báyìí ni Chicago àti St. Louis, tí wọ́n wà láàárín ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe di ará Ìlà Oòrùn. Atlanta àti Cincinnati, tí ìlà oòrùn gan-an ni wọ́n wà sí àwọn méjèèjì, di ará Ìwọ̀ Oòrùn.

Sáà 25 gbáko ni wọ́n fi bẹ́ẹ̀. Ká ní Atlanta wà ní Ìlà Oòrùn tó jẹ́ tirẹ̀ ní 1993, Braves ì bá ṣe olórí níbẹ̀ pẹ̀lú 104, Giants ì bá ṣe olórí Ìwọ̀ Oòrùn pẹ̀lú 103. Àwọn méjèèjì ì bá wọlé.

Ohun tó tún bani nínú jẹ́ ni pé wọ́n ti dìbò láti yí i padà kí sáà yẹn tó parí. Lóṣù Kẹsàn-án 1993, àwọn tó ni ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i pé kí líìgì kọ̀ọ̀kan di ẹ̀ka mẹ́ta láti 1994. Àánú ẹni tó ṣe ipò kejì kọ́ ló ṣe wọ́n. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn CBS, tó san owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là fún àfihàn ọdún mẹ́rin, ti pàdánù owó rẹpẹtẹ, àwọn tó ni ẹgbẹ́ sì nílò ìdíje púpọ̀ sí i tí wọn yóò tà fún tẹlifíṣàn. Àmọ́ olórí mẹ́ta kò ṣeé pín sí méjì-méjì, ó nílò ẹnì kẹrin. Ẹni tó bá ti ta Whot rí mọ iṣẹ́ tí káàdì 20 ń ṣe: kò sí nínú àwòrán kankan, àmọ́ ibi tó bá ṣófo ló ń dí. Wild card nìyẹn. Ẹgbẹ́ tó dára jù nínú àwọn tí kò ṣe olórí ló ń gba àyè kẹrin. Ìbò 27 fọwọ́ sí i, ẹyọ kan lòdì. George W. Bush, tó ń darí Texas Rangers nígbà náà, kó tó di ààrẹ, ló ni ẹyọ kan yẹn.

Ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ bàjẹ́. Àwọn agbábọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì lọ́jọ́ kejìlá oṣù Kẹjọ 1994, World Series sì di ohun tí wọ́n fagi lé. Montreal Expos ló ń ṣe dáadáa jù lọ́jọ́ tí iṣẹ́ dúró, ìborí 74, ìpàdánù 40. Wọn ò rí irú sáà bẹ́ẹ̀ mọ́ títí tí ẹgbẹ́ náà fi kó lọ sí Washington. Rangers ní tiwọn ló ń ṣáájú nínú ẹ̀ka tiwọn pẹ̀lú ìborí 52 àti ìpàdánù 62! Ohun tí ẹ̀ka ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́rin lè bí nìyẹn.

Ọdún 1995 ló fi ẹwà rẹ̀ hàn. Seattle Mariners fi eré 13 wà lẹ́yìn California Angels, tó ń ṣáájú ẹ̀ka wọn, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ. Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ ti tán, wọn ì bá máa ta àwọn ògbóǹtarìgì wọn. Wild card mú kí wọ́n rà dípò kí wọ́n tà, wọ́n gba ajubọ́ọ̀lù Andy Benes. Bí wọ́n ṣe ń lé wild card ni wọ́n lé Angels bá. Ó di eré kan ṣoṣo, Randy Johnson ju bọ́ọ̀lù, Seattle borí 9 sí 1. Èmi ò lè wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú yẹn kí n sọ pé wild card kò dára.

Ìtúnpín kò dúró. Milwaukee Brewers kúrò ní American League lọ sí National ní 1998. Houston Astros gba òdìkejì ní 2013, torí wọ́n fi í ṣe àdéhùn fún ẹni tó ra ẹgbẹ́ náà. Wild card di méjì ní 2012, ó di mẹ́ta ní 2022.

Àárín àwọn ọdún yẹn, ní 2021, Giants tún dé ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá tí ẹ̀ka wọn kò tíì yanjú. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n borí, wọ́n di 107, wọ́n fi ẹyọ kan ṣáájú Dodgers. Lábẹ́ òfin 1993, Dodgers ì bá máa lọ sílé pẹ̀lú ìborí 106. Wild card ló gbà wọ́n sílẹ̀. Chris Taylor gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri láti fi lé Cardinals lọ, Dodgers sì wá kan ilẹ̀kùn Giants. Eré karùn-ún ló máa yanjú ẹ̀, ní San Francisco, lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù náà. Ọ̀mì ni, 1 sí 1, títí dé ipele kẹsàn-án. Cody Bellinger gbá bọ́ọ̀lù bọ́ sáàárín pápá, Justin Turner sáré wọlé. 2 sí 1. Giants di ẹrù wọn.