Ta Ló Lè Sọ Pé Rárá?

Lọ́jà Akẹ̀sán, níbí l'Ọ́yọ̀ọ́, ìyá kan tó ń lọ ata bi mí léèrè: "Ọ̀gá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé ọrọ̀ ajé, nígbà tí wọ́n fowó lé epo ní 2012, a pariwo, wọ́n sì dín in kù. Kí ló dé tí ti 2023 ò padà sẹ́yìn?" Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ń da epo sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wọn oògùn ọmọ.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ò yẹ kó jìnnà sí ìdáhùn yìí. Aláàfin ló ń pàṣẹ, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ Mèsì méje wà níbẹ̀, Baṣọ̀run ni olórí wọn, wọ́n sì lágbára láti kọ ọba. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò nínú àtúnṣe ọrọ̀ ajé nìyẹn: ta ló lè sọ pé rárá, ṣé wọ́n sì ti bi í?

Ní January 1, 2012, ìjọba Jonathan yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan fò láti náírà 65 sí 141. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, ìlú dákẹ́ rọ́rọ́, kò sì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi já sí 97. Ti 2023 yàtọ̀. Kí Tinubu tó kéde ní May 29, òfin epo tí àwọn aṣòfin ṣe, tí Buhari sì buwọ́ lù ní August 2021, ti fi iye epo sọ́wọ́ ọjà, ìsúná 2023 ò sì wéwèé owó ìrànwọ́ kọjá June. Nígbà tí òṣìṣẹ́ fẹ́ yanṣẹ́ lódì, kóòtù ní kí wọ́n dúró ná.

Àṣẹ ológun máa ń yá ju èyí lọ. Lọ́dún 1986, Babangida tú ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó ká. Kò sí aṣòfin tó máa bi í léèrè. Owó àgbẹ̀ gòkè lóòótọ́, inú mi sì dùn sí ìyẹn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń yẹ kòkó wò bó ṣe yẹ mọ́. Èyí tí kò tíì gbẹ dáadáa ń wọ àpò, ojú kòkó wa sì bàjẹ́ lókè òkun.

Ìyá náà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá gbé agolo rẹ̀ sókè: "Lítà márùn-ún tí mo san owó rẹ̀ láàárọ̀ yìí ò kún ibi tó máa ń kún dé. Ta ló ń wo mítà wọn?"

Òfin 2021 yẹn náà ló dá NMDPRA sílẹ̀, àjọ ìjọba tó ń mójú tó títa epo. Wọ́n lè yẹ mítà wò, wọ́n sì lè ti ilé epo pa. Mo kọ orúkọ náà sórí páálí mílíìkì kan fún un. Ó ká a, ó fi há etí ìró.