Ẹṣin Mi Ń Jẹun, Kí Ló Dé Tí Ó Ṣì Ń Rù?

Ìbéèrè: Mo ní ẹṣin kan ní Ìjẹ̀bú Òde. Àárọ̀ àti alẹ́ ni mo ń bu ọkà bàbà fún un, ó sì ń jẹ ẹ́ tán, síbẹ̀ èèyàn lè ka egungun ìhà rẹ̀ láti òkèèrè. Níbo ni oúnjẹ náà ń lọ?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ lọ wo imí rẹ̀ ná. Bí ẹ bá rí àwọn adìyẹ àdúgbò tí wọ́n ń tu imí náà, tí wọ́n ń ṣa odindi hóró bàbà jẹ nínú rẹ̀, a jẹ́ pé àwọn adìyẹ ti dáhùn ìbéèrè yín: bàbà tí ẹ fowó rà kàn ń gba inú ẹṣin kọjá ni. Hóró bàbà líle tí eyín kò fọ́ kì í dà dáadáa nínú ẹṣin, nítorí náà ẹnu ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹṣin kì í yéé yọ. Ó ń fi nǹkan bíi mìlímítà 2 sí 3 yọ lọ́dún, koríko tí ẹṣin ń jẹ ni ó sì ń lọ̀ ọ́ kù. Bí lílọ̀ náà kò bá dọ́gba, etí eyín a mú bí ọ̀bẹ, a sì máa gé ahọ́n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹṣin tí ó bá wà nínú irú ìrora bẹ́ẹ̀ a wa koríko sẹ́nu, a yí i títí yóò fi di òkèlè, lẹ́yìn náà a jẹ́ kí ó já bọ́ ní tútù láìgbé e mì. Bí ẹ bá bá irú òkèlè yìí nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n, ẹ pe dókítà ẹran kí ó wá rẹ́ eyín náà dọ́gba. Bí kò bá tilẹ̀ sí àmì kankan, ó yẹ kí ó yẹ ẹnu rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Bí eyín rẹ̀ bá dára ńkọ́?

Ó ku aràn àti àìsàn inú ẹ̀jẹ̀. Kí ẹ tó fún un ní oògùn aràn, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ imí rẹ̀ wò, kí ẹ sì mọ bí ó ti wúwo tó, nítorí oògùn tí kò tó kì í pa aràn, ṣe ni ó ń kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa borí rẹ̀. Okùn ìwọ̀n télọ̀ tó fún èyí. Ẹ fi yí àyà rẹ̀ ká lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, ẹ fi wọn gígùn rẹ̀ láti ṣóńṣó èjìká dé ṣóńṣó ìdí; ẹ fi ìwọ̀n àyà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi gígùn sọ èyí di púpọ̀, kí ẹ wá fi 11,880 pín in. Ẹṣin tí àyà rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 150, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 140, yóò wúwo tó kílò 265.

Ní ti ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń kó ran ẹṣin wà lára ohun tí kò jẹ́ kí àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ lè jẹ gàba nínú igbó kìjikìji, tí wọ́n sì fi ń ra ẹṣin tuntun láti òkè Ọya. Ẹṣin tí ó bá ní i lè máa jẹun dáadáa kí ó sì máa rù: ibà ń wá, ó ń lọ, èrìgì rẹ̀ ń funfun, ẹsẹ̀ tàbí abẹ́ ikùn rẹ̀ ń wú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó lè là á yé yín.

Ṣé kí n kàn fi kún bàbà rẹ̀?

Rárá o. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù nìyẹn. Àpò oúnjẹ ẹṣin kéré sí bí ara rẹ̀ ti tóbi tó, kò sì lè bì. Bí ọkà bá pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan, èyí tí kò dà yóò ṣàn lọ sí ìfun ńlá, níbi tí àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń bá ẹṣin da koríko ń gbé. Ibẹ̀ ni yóò ti kan, tí yóò di inú rírun tàbí àrùn pátákò tí kì í jẹ́ kí ẹṣin lè tẹlẹ̀. Ẹṣin kílò 265 kò gbọdọ̀ jẹ ju kílò kan àti díẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì lọ bàbà náà kí ó fọ́.

Koríko ni oúnjẹ. Ọkà kàn ń tì í lẹ́yìn ni. Ó kéré tán, ẹṣin yìí nílò kílò 5 koríko gbígbẹ lójúmọ́, ju 20 lọ bí ó bá jẹ́ tútù, nítorí omi ni ó pọ̀ jù nínú koríko tútù. Ewé ẹ̀pà gbígbẹ, tí àwọn Hausa ń pè ní harawa, dára púpọ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ lè máa da òróró ẹ̀pà tàbí ti sóyà sí oúnjẹ rẹ̀: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti síbí méjì, kí ẹ sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì títí yóò fi tó ife kan lójúmọ́. Omi àti iyọ̀ kò gbọdọ̀ wọ́n ọn.

Ẹ má fún un ní oúnjẹ adìyẹ láé. Oògùn bíi monensin tí wọ́n ń pò mọ́ ọn kí adìyẹ má baà ṣu ẹ̀jẹ̀ máa ń ba ọkàn ẹṣin jẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ sì lè pa á. Bákan náà ni àgbàdo tó ti bu. Oró inú rẹ̀ lè ba ọpọlọ ẹṣin jẹ́.

Ojúde Ọba ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣé yóò ti sanra kí Iléyá tó dé?

Kò ní í sanra tán. Oṣù ni a ń kà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ó bá jẹ́ pé ebi gidi ni ó pa á títí ó fi rù kan egungun, ìkánjú lè pa á: ṣúgà inú ọkà a mú kí insulin, èròjà ara tí ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ru sókè lójijì, èyí a sì fa phosphorus àti magnesium, àwọn èròjà tí ara nílò, kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ẹṣin a sì ṣubú kú láàárín ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn tí olówó rẹ̀ ti ń yọ̀ pé ó ń jẹun. Fún ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́, koríko nìkan ni kí ẹ máa fún un, díẹ̀díẹ̀, ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, kí dókítà sì máa mójú tó o. Ẹ yá ẹṣin ẹlòmíràn gùn lọ́dún yìí. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé ó ń gba ara padà?

Ìwọ̀n kan wà fún ara ẹṣin, láti 1 (ó rù kan egungun) dé 9 (ó sanra jù), tí onímọ̀ ẹṣin kan tí ń jẹ́ Henneke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Texas gbé jáde ní 1983. Ní 5, ọwọ́ ń kan egungun ìhà, ṣùgbọ́n ojú kò rí i. Nítorí náà, ẹ má fojú nìkan wò ó. Irun máa ń bo nǹkan. Ẹ fi ìka tẹ ìhà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kí ẹ sì fi okùn télọ̀ wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ náà, kí ó tó jẹun láàárọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kí ó máa wọ̀n ọ́n, nítorí bí ọwọ́ méjì ṣe ń fa okùn le kò dọ́gba.