Kí ni ẹ̀rọ náà ń ṣe fún òye ọmọ?

Nínú ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́, ẹnìkan á ṣáà dìde, á ní kí ilé-ìwé wá kọ̀ǹpútà rà nítorí JAMB. Òótọ́ ni pé láti ọdún 2015 ni gbogbo ẹni tó ń ṣe UTME ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Ṣùgbọ́n JAMB ti ṣètò rẹ̀ débi pé lẹ́tà mẹ́jọ péré ló tó ọmọ lò, kò ní láti fọwọ́ kan mouse rárá. A, B, C àti D ló fi ń mú ìdáhùn. N á gbé e lọ sí ìbéèrè tó kàn, P á dá a padà sẹ́yìn. S ló fi ń sọ pé òun ti parí, bó bá sì tẹ̀ ẹ́ láìtíì parí, R á mú un padà. Ọ̀sán kan ti tó láti kọ́ ìyẹn. Nínú ìbéèrè 180 tó máa dáhùn láàárín wákàtí méjì ni iṣẹ́ wà, lẹ́tà mẹ́jọ kì í sì í báni ronú.

Kẹ́mísìrì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS. Ẹ jẹ́ kí n fi titration ṣàlàyé, ìyẹn dída ásíìdì sínú álíkálì díẹ̀díẹ̀ títí wọn á fi bára wọn mu. Burette kan ṣoṣo, ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n kọ òǹkà sí lára tí ásíìdì ń kán láti inú rẹ̀, lè wà lórí tábìlì, kí ọgọ́ta ọmọ yí i ká. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò ní rí nǹkankan ju ẹ̀yìn orí ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Ibẹ̀ ni fóònù olùkọ́ ti wúlò. Mo máa ń gbé e sí ibi tí kámẹ́rà á fi bá ojú omi inú burette dọ́gba, nítorí òǹkà máa ń yí bí èèyàn bá wò ó láti òkè tàbí láti ìsàlẹ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo gbé e sára ògiri pẹ̀lú projector, mo ní kí oníkálukú kọ iye tó rí sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lanu.

Àṣìṣe á jáde lójú ẹsẹ̀. Burette ní 0 lókè, 50 nísàlẹ̀. Ọmọ tó ti mọ́ lára láti ka òǹkà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè á wo omi tó dúró sí 24.3, á kọ 25.7. Bí mo bá kàn sọ ìdáhùn fún un, á da tèmi kọ, àṣìṣe rẹ̀ á sì bá a dé gbọ̀ngàn WAEC.

Lẹ́yìn náà ni fídíò. Mo dá a dúró kí ẹ̀kán tó kẹ́yìn tó bọ́, nígbà tí methyl orange, aró tó ń fi àwọ̀ rẹ̀ sọ ibi tí iṣẹ́ dé, ṣì jẹ́ yẹ́lò. Mo bi wọ́n léèrè: kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀, kí sì nìdí? Bó bá di àwọ̀ ọsàn, ásíìdì ti tó gẹ́lẹ́. Bó bá pọ́n kọjá bẹ́ẹ̀, ásíìdì ti pọ̀ jù. Àríyànjiyàn tó ń tẹ̀lé e ni ẹ̀kọ́ gan-an.

Ìjọba Ọ̀ṣun lábẹ́ Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì fáwọn ọmọ ilé-ìwé girama, jáde lọ́dún 2013. Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé ìwé àti ìbéèrè àtijọ́ ti wà nínú ẹ̀rọ náà, kò dúró de íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ nìkan kì í kọ́ni. Ní Peru, wọ́n pín kọ̀ǹpútà alágbèéká fáwọn ọmọ ilé-ìwé. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2012 fi hàn pé ìṣirò àti ìwé kíkà wọn ò tìtorí ẹ̀ sunwọ̀n sí i. Kọ̀ǹpútà dé, bí wọ́n ṣe ń kọ́ni kò yí padà.

Ohun kan tún wà tí fóònù fún wa, tí a ò tíì lò tó: a lè fi ohùn Yorùbá sórí fídíò náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní Ifẹ̀, nínú iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1970, pé ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ jálẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Mo máa ń ṣàlàyé lédè Yorùbá, mo fi orúkọ kẹ́míkà sílẹ̀ bí WAEC ṣe ń kọ ọ́, mo sì fi Bluetooth pín in, kó má baà jẹ dátà ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin òbí, ẹ yá ọmọ yín ní fóònù díẹ̀ lálẹ́. Ẹ ní kó dá fídíò náà dúró kí àwọ̀ tó yí, kó ṣàlàyé fún yín lédè tí ẹ gbọ́, kó tó tẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ.